Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Àgbà Ń Gbé Mì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ti ní ọmọ-ọmọ kò tíì bọ́ nínú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Bí ọmọ obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ á di ẹrù, á kó òrí, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn sápò, á sì lọ wẹ ọmọ tuntun fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ bá gbé tọkọtaya lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò pé ọmọ yóò gbé. Kò sẹ́ni tó ń ka èyí sí oore, ojúṣe ẹbí ni. Nítorí pé ojúṣe ni, àwọn ọmọ kì í sábà bi ìyá àgbà léèrè ibi tí agbára rẹ̀ mọ, òun náà kì í sì í sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń há sí òbí àgbà lọ́fun. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ààlà: ohun tó lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ àti ohun tí kò lè ṣe. Èkejì ni ọ̀rọ̀ àníyàn: ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ilé ọmọ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Ìjà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti da méjèèjì pọ̀. Ìyá tó ní òun kò lè gba ọmọ kẹta mọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, owó rẹ̀, ilé rẹ̀ àti oorun rẹ̀. Òun ló ni gbogbo wọn, ẹnu rẹ̀ ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ pin sí. Ìyá tó ní kí ọmọ-ọmọ òun yé wo tẹlifíṣọ̀n di aago mọ́kànlá òru ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ní bàbá àti ìyá tirẹ̀. Níbẹ̀, ìmọ̀ràn ni tirẹ̀. Àṣẹ wà lọ́wọ́ àwọn tó bí ọmọ. Òbí àgbà tó bá ń bẹ̀bẹ̀ níbi tó yẹ kó ti pinnu, tó tún ń pàṣẹ níbi tó yẹ kó ti gba ni nímọ̀ràn, yóò pàdánù níbi méjèèjì.

Ohun tó ń di ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọ̀fun pọ̀. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ìyá tó jẹ́ pé owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ló fi ń ra oògùn ń bẹ̀rù pé bí òun bá ní ó tó, ọmọ náà lè fawọ́ sẹ́yìn. Ìyá ọkọ ní ẹ̀rù tirẹ̀ lọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ kékeré tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde lè di pé ó ń yọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó sì lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ní àjẹ́ ni. Ìtìjú náà wà níbẹ̀. Ẹni tó pọn ọmọ mẹ́fà, tó tún ń ru igbá lọ sọ́jà, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọmọ ọdún méjì kan ṣoṣo ti ń dá òun lágara.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá gba ẹnu jáde, á wá ibòmíràn gbà. Òun ló ń di ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ̀kò sí ìyàwó ọmọ nídìí ààrò, tó ń di orin òwe nígbà tí wọ́n bá ń fọ abọ́, tó ń di ẹjọ́ tí wọ́n ń rò fún ẹlòmíràn lẹ́yìn àsàlátù tàbí lẹ́yìn ìsìn. Kí ọmọ tó gbọ́, ará ìta ti gbọ́, ohun tó jẹ́ àárẹ̀ lásán á sì ti di ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le sí i láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jápa lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí òfin padà, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn díẹ̀ bí àwọn tó lọ fún ẹ̀kọ́ ìwádìí. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún náà, òfin irú kan náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ìyá tó lọ lẹ́yìn ìgbà náà láti tọ́jú arúgbó ẹlòmíràn ní ìlú òyìnbó kò lè mú ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí wọ́n ṣe ní London ṣe sọ àwọn ìyá àgbà kan ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Adó-Èkìtì di ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Owó náà kò sì dúró lójú kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Ọmọ tó wà ní òkè òkun ń rí i pé pọ́n-ùn òun ti ń ṣẹ́ sí owó ńlá; ìyá tó ń lọ sí ọjà Bódìjà mọ̀ pé gàárì, epo pupa àti owó ọkọ̀ ti gba owó ńlá náà lọ. Bí ìyá kò bá sọ ọ́ pẹ̀lú iye, ọmọ kò lè mọ̀ ọ́n.

Bí a bá wo ìyá ẹni ọdún 68 kan ní Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ-ọmọ méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ọmọ ọdún 7, ọ̀kan ọmọ ọdún 4, ọ̀rọ̀ náà á hàn kedere. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń ró bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú ike bọ́tà lórí fíríìjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀sán ló ń rántí pé òun kò tíì lò ó, nítorí aṣọ ilé-ìwé tí kò tètè gbẹ ló gba àárọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fídíò láti Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọmọ kẹta, ọmọ oṣù 14 tó wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ òun ní Òṣogbo, kò ríbi gbé mọ́, nítorí ara ìyá náà kò yá. Kí Màmá ṣáà gbà á. Ìyá náà wo ojú ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó rí i bó ti rù. Ó ní, “Ó dáa. Ọlọ́run á ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ń tú ọ̀pọ̀ ilé ká. Lójú ìyá, “Ọlọ́run á ṣe é” kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Àdúrà ni, kí ọ̀nà mìíràn là. Létí ọmọ, Màmá ti gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọmọ dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ kọ̀, ohun tó yẹ kó sọ kò ju báyìí lọ: “Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ, ọmọ mi. Méjì ni ọwọ́ mi ká. Mi ò ní lè gba ẹ̀kẹta, ara mi ò gbé e. Àwọn méjì tó wà níbí, màá tọ́jú wọn di ìparí oṣù Keje. Kí ìwọ àti ọkọ ẹ jókòó, kí ẹ wo ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kó tó dìgbà yẹn.”

Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí “lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún yín.” Ó sọ iye tó lè ṣe, ó sọ ọjọ́ tó máa parí. Ìdí kan ṣoṣo ló sọ. Ẹni tó bá ka ìdí mẹ́fà sílẹ̀ ti pàtẹ ọjà nìyẹn. Ọmọ á máa ná an níkọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá sì rí èsì fún mẹ́rin nínú rẹ̀, ìyá á di ẹlẹ́jọ́. Níná náà á kúkú wáyé. Ọmọ lè ní òun á fi owó kún un. Bí owó náà bá lè gba obìnrin kan tí yóò máa wá láàárọ̀ wá wẹ̀ fún wọn, tí yóò máa mú wọn lọ sílé-ìwé, ìyá lè tún ọ̀rọ̀ rò, ó sì yẹ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orúnkún ni ọ̀rọ̀ wà, owó kò ra orúnkún. Kó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Àwọn àgbà ayé àtijọ́ mọ èyí: ọ̀rọ̀ tó wúwo, ìdájí ni wọ́n ń pe ọmọ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó fọnu, kí ọjọ́ tó kó ìbínú tirẹ̀ dé. Ọmọ tó wà ní òkè òkun ní ìdájí tirẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbọ́yé, nítorí náà kí wọ́n bi í ní wákàtí tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Inú WhatsApp ẹbí kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ ọ́, òde ìgbéyàwó kì í ṣe ibẹ̀, iwájú ọmọ-ọmọ gan-an kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ rárá, nítorí ọmọ tó bá gbọ́ pé agbára ìyá àgbà kò gbé òun mọ́ á rò pé wọn kò fẹ́ òun. Ọmọ tí a bí ni a ń bá sọ ọ́, òun ni yóò sì bá ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ sọ. Ìyá ọkọ tó bá fo ọmọ rẹ̀ dá, tó lọ ko ìyàwó lójú, ti sọ ọ̀rọ̀ méjì di mẹ́ta. Bí ọmọ kò bá gbọ́, àbúrò ìyá tàbí àgbà kan tí ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún lè dá sí i.

Ẹni tó bá gbà láti tọ́jú ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò ní gbà á lọ́wọ́ òfìfo. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ bá ọmọ dé, nítorí abẹ́rẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti oṣù 9 àti ti oṣù 15 kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ìyá àgbà mọ jẹ́nótáìpù ọmọ àti oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà. Kí ìwé wà, tí àwọn òbí fọwọ́ sí, tó fún un láyè láti dúró fún ọmọ níwájú dókítà àti ọ̀gá ilé-ìwé. Kí owó kékeré kan wà nílẹ̀ fún àìsàn òru, yàtọ̀ sí owó oúnjẹ. Béèrè wọn kò fi hàn pé ìyá àgbà kò fẹ́ràn ọmọ. Àgbà tó bá rí ibà ọmọ rí láago méjì òru láìsí owó lọ́wọ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ti bàbá àgbà kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ilé àti owó ni wọ́n sábà máa ń bá lọ sọ́dọ̀ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 60, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, lè gba owó díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì máa gba ìyókù díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni ọmọ ń wò fún físà. Bàbá tó bá ti mọ iye tó lè fà yọ nínú rẹ̀, kó sọ iye náà kí ọmọ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, torí owó ìfẹ̀yìntì tó bá lọ kì í padà wá.

Àwọn òbí àgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òdìkejì: àwọn ni wọ́n gbé lọ sí òkè òkun. Oṣù 6 ni físà àbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà ń gbà láyè, iye kan náà ni wọ́n sì sábà ń fún àlejò ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń pín in: ìyá ìyàwó á kọ́kọ́ lọ, ìyá ọkọ á tẹ̀ lé e, ọmọ á sì pé ọdún kan lọ́wọ́ ẹbí. Ètò yìí dára, ó sì gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ owó ilé ìtọ́jú ọmọ tó wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n àgbà tó bọ́ sí ilé tó wà lájà kẹta nígbà òtútù, tí kò lè wakọ̀, tí kò mọ aládùúgbò kankan, tó ń sebẹ̀ fún gbogbo ilé, tó tún ń jí sí ọmọ lóru, ó ti di òṣìṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi. Kí ó tó gun ọkọ̀ òfúrufú ló yẹ kí ó ti sọ ọ́: ta ni yóò jí sí ọmọ lóru, ọjọ́ wo ni yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọjọ́ wo gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera kò ṣeé fi falẹ̀. Àlejò tí wọ́n bá dá dúró sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní England lè rí i pé ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba kà sí ìtọ́jú náà ni wọ́n bu fún òun. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ lọ láìní ìṣedúró ìlera àti oògùn tó máa tó o.

Òkè òkun náà ni ọmọ ti máa ń ní ààlà tirẹ̀ láti fi lélẹ̀ fún ìyá. Scotland fòfin de nína ọmọ pátápátá ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Wales ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2022, òfin náà sì mú àlejò bó ti mú onílé. Ìyá àgbà tó bá gbá ọmọ létí ní Cardiff, ní Wales, lè fa ìjọba wọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó bá sọ èyí fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tó dé kò fojú di í.

Ọ̀rọ̀ àníyàn ni ó nira jù, nítorí àṣẹ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́. Kí òbí àgbà kọ́kọ́ yẹ àníyàn náà wò fúnra rẹ̀: ṣé ewu ni, àbí àṣà tó yàtọ̀ sí ti òun? Pé ọmọ kò mọ bí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀, pé ìyá rẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ tì í kiri dípò kó pọ̀n ọ́n, ó lè dun àgbà, ṣùgbọ́n kò pa ọmọ lára.

Ìmọ̀ àtijọ́ pàápàá ní ibi tó ti kùnà. Ó ṣòro fún ìyá tó rọ ọmọ mẹ́fà lágbo, tí gbogbo wọn yè, láti gbà pé kò yẹ kó rọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọmú ìyá nìkan, láìsí omi tàbí àgbo, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Ìwọ́ ọmọ tuntun kò fẹ́ mẹ́ńtólátù tàbí ọṣẹ ìfọyín. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí ilé-ìwòsàn ń fúnni ló yẹ ẹ́. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń polongo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 1994, pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́ lélẹ̀ bó bá ń sùn, ikú òjijì ọmọ ọwọ́ sì dín kù gan-an níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń sọ èyí fún ìyá rẹ̀ kò bú ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ojú ìyá àgbà ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, pàápàá ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó bá wà nídìí ọmọ tuntun. Òun ló ń rí i pé abiyamọ kò sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, pé ó ń sunkún láìsí ìdí, pé kò fẹ́ gbé ọmọ mọ́ra. Ẹkún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ilé-ìwòsàn ló kàn. Bí abiyamọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ òun, wọn kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Yorùbá ti mọ àìsàn yìí tipẹ́, abísínwín ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà gan-an ló sì ń mú kí ìyá bò ó mọ́lẹ̀, kí àwọn àna má baà gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kò gbọdọ̀ gbé mì rárá nìyí. Àìsàn tó ní ìwòsàn ni, ó sì lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ bí wọ́n bá fi pamọ́.

Bí àníyàn bá ti jẹ́ òótọ́, ohun tí ojú rí ni kí ẹnu sọ, kì í ṣe ìwà ọmọ. “O ò bìkítà nípa ọmọ yìí” ń lé ọmọ jáde nínú yàrá. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é lẹ́yìn lánàá, kò yíjú; nígbà tí mo pàtẹ́wọ́, kò yíjú. Mo fẹ́ ká lọ yẹ etí ẹ̀ wò” ń mú ọmọ wọ bàtà. Kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó fún wọn láyè, kí ó tún un sọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ tọ́ ọmọ wọn ni, tí wọ́n sì kọ̀, kó fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ewu, bí ibà tí kò lọ, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, bí ọkọ tó ń na ìyàwó rẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù àna níbẹ̀. Kí ó wá dókítà, kí ó pe àgbààgbà, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ obìnrin mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé kò tì.

Àwọn ọmọ ni wọ́n lè mú kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún àgbà jù lọ. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbé ọmọ wá, kó má jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn ń sọ fún Màmá pé ọmọ ń bọ̀. Ẹni tó bá ní òbí tó ń bá a tọ́mọ, kó pe ilé ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó má kọ́kọ́ béèrè ọmọ. Kó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èwo ló ti ń wúwo jù fún yín nínú iṣẹ́ yìí?” Bí wọ́n bá dáhùn pé kò sí, Ọlọ́run á ṣe é, kó tún béèrè.